Owó Ọ̀nà: Ẹrù Ta Ni?

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ìtàn pamọ́ sí inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni owó-orí. Lónìí, owó-orí ni a ń pe gbogbo owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú, ìbáà ṣe lórí ọjà, lórí ilé tàbí lórí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn Faransé, ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ gan-an ni ó ń túmọ̀ sí: owó tí ènìyàn ń san nítorí pé ó ní orí lọ́rùn.

Ní ọdún 1899 ni ìjọba Faransé fi owó-orí yìí lélẹ̀ ní Dàhòmì, ilẹ̀ tí ó di Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọn a ka orí inú agbo ilé, wọn a sọ iye tí orí kọ̀ọ̀kan yóò san, olóyè ni yóò sì gbà á jọ. Wọn kì í béèrè iye tí olúwarẹ̀ ń rí. Ní ìlú kan náà, ẹni tí ó ní oko àgbàdo ńlá àti ẹni tí ó ń bá a ro oko náà, iye kan náà ni wọ́n ń san.

Owó nìkan kọ́. Ọkùnrin tí ó ti dàgbà tún gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mélòó kan ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dọọdún, láìgba owó. Iṣẹ́ ọ̀nà ni ó pọ̀ nínú rẹ̀: gígé igbó, wíwa ilẹ̀ pupa, ríru òkúta. Ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́ lè fi owó ra ọjọ́ rẹ̀ padà. Tálákà kò ní ohun mìíràn tí yóò fi san ju apá rẹ̀ lọ. Báyìí ni a ṣe la àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n là wọ́n kò sì ní mọ́tò.

Àwọn ènìyàn kò dákẹ́. Ní agbègbè Pobẹ̀, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Owó-orí, iṣẹ́ tipátipá àti kíkó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ojú ogun wà lára ohun tí ó bí wọn nínú. Ní Kétu àti àyíká rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò jà rárá. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n sì sọdá ààlà lọ sí apá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Òpìtàn A. I. Asiwaju, tí ó ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ààlà yìí, ka irú ìṣílọ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ní ọdún 1923, ìjọba fi kún owó-orí, àwọn ará ìlú sì kọ̀ láti san án. Ìjọba kó sójà wọ ìlú. Wọ́n mú Louis Hunkanrin, akọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Àjàṣẹ́, wọ́n sì rán an lọ sí ìgbèkùn ní Mọriténíà. Òfin tí ó fi òpin sí iṣẹ́ tipátipá kò dé títí di oṣù kẹrin ọdún 1946.

Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá kò fẹ́ ọ̀nà. Kí Faransé tó dé ni wọ́n ti ń pe ara wọn jọ láti ro ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí a gbé ẹrù kan náà lé orí àwọn tí agbára wọn kò dọ́gba, kí ẹni tí ń gba owó náà má sì sọ ohun tí ó fi ṣe. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò tíì tán nílẹ̀.

Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń san

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn kì í san owó-orí, nítorí pé wọn kò dé ọ́fíìsì agbowó-orí rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó kan wà ní Bẹ̀nẹ̀ tí a ń pè ní TVA. Ìdá 18 nínú 100 ni. Ó ti wà nínú iye ọjà kí ọjà náà tó dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ rí 1 000 fráǹkì lórí páálí ọṣẹ kan, 1 180 fráǹkì ni yóò tà á. 180 fráǹkì yẹn, ti ìjọba ni. Oúnjẹ tí ó ti oko wá bí ó ti wà, bí iṣu àti àgbàdo, kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ wà nínú rẹ̀, síméńtì àti páànù náà wà nínú rẹ̀. Owó yìí ń wọ inú àpò ìjọba pẹ̀lú owó mìíràn, láti inú àpò yẹn ni owó ilé-ìwé, owó ilé ìwòsàn àti owó ọ̀nà ti ń jáde.

TVA sàn ju owó-orí àtijọ́ lọ ní ọ̀nà kan: ẹni tí ó ra púpọ̀ ni ó san púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tirẹ̀. Ẹni tí ó ń rí 40 000 fráǹkì lóṣù, gbogbo rẹ̀ ni yóò ná kí oṣù tó parí. Ẹni tí ó ń rí 1 000 000 lè ná ìdajì, kí ó fi ìdajì pamọ́ sí báńkì, TVA kò sì ní kan ìdajì yẹn. Bí a bá fi ohun tí àwọn méjèèjì san wé ohun tí wọ́n ní, owó náà wúwo lórí ẹni àkọ́kọ́ ju ẹni kejì lọ.

Nítorí náà, obìnrin tí ń gbé abúlé tí kò rí ọ̀dà rí, tí ó sì ń ra ọṣẹ lọ́jà, ti dá sí owó ọ̀dà tí a tẹ́ sí àwọn òpópónà ìlú ńlá. Nínú ètò ìjọba láti tún àwọn òpópónà ìlú ṣe, ìlú 9 ni a kọ́kọ́ mú. Àjàṣẹ́ wà nínú wọn. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ kò sí nínú ìpele kìíní yẹn. Ìdí wà fún un pé ibi tí èrò pọ̀ sí ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí ará abúlé bá béèrè ọ̀nà, kì í ṣe ọrẹ ni ó ń béèrè, nítorí owó rẹ̀ ti wà nínú àpò náà.

Epo inú ìgò

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, epo ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gba owó ọ̀nà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ rọrùn láti yé ènìyàn. Ẹni tí ó rin ìrìn tí ó jìnnà sun epo púpọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ tóbi sun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn kò sun nǹkan kan. Láti àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà dá àpò kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀nà, kí owó ọ̀nà má baà pòórá láàrin owó yòókù. Bẹ̀nẹ̀ náà dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Bẹ̀nẹ̀, epo tí ó pọ̀ jù kò gba ilé epo kọjá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Kpayo ni. Ó ń ti Nàìjíríà wọlé nínú jẹ́ríkáànì, lórí alùpùpù àti nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Aṣọ́bodè kò gba nǹkan lórí rẹ̀, kò sì sí TVA nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ra epo ní ilé epo san owó ọ̀nà. Ẹni tí ó ra ti inú ìgò kò san. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń gbà.

Ọ̀rọ̀ kpayo kò rọrùn láti dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń bọ́, ọ̀pọ̀ abúlé ni kò sì ní ilé epo kankan nítòsí. Síbẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a rántí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kárùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun Nàìjíríà kéde pé ìjọba òun kò ní máa san lára owó epo fún ará ìlú mọ́. Owó kpayo fò sókè ní Bẹ̀nẹ̀ láìpẹ́ rárá. Àwọn onízẹmijan san án, àwọn èrò tí wọ́n gbé san án. Nínú gbogbo owó tí ó lé yẹn, kò sí fráǹkì kan tí ó bọ́ sínú àpò ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀.

Ìwọ̀n ẹrù

Kí a tó mọ ẹni tí ó yẹ kí ó san, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ba ọ̀nà jẹ́. Òjò ń bà á jẹ́, pàápàá ọ̀nà ilẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà ọ̀dà, ìwọ̀n ẹrù ni ọ̀tá ńlá.

Láti ọdún 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà, tẹ́ ọ̀nà kan fún ìdánwò nìkan. Wọ́n ní kí àwọn sójà máa wa ọkọ̀ tí ẹrù wọn yàtọ̀ síra lọ, kí wọ́n máa wà á bọ̀, títí ọ̀nà yóò fi fọ́. Wọ́n wo irin ìdí ọkọ̀, ìyẹn irin tí ó so táyà ọ̀tún mọ́ táyà òsì. Ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Bí ẹrù tí ó wà lórí irin ìdí kan bá di ìlọ́po 2, ìbàjẹ́ ọ̀nà kì í di ìlọ́po 2. Ó ń súnmọ́ ìlọ́po 16. Ìṣirò náà ni pé kí a fi 2 lọ 2 lọ́nà mẹ́rin: 2 × 2 × 2 × 2.

Kí a wá mú ọkọ̀ kékeré kan, tí irin ìdí rẹ̀ gbé tọ́ọ̀nù 1, àti kámíọ̀ kan tí irin ìdí rẹ̀ gbé tọ́ọ̀nù 10. Ẹrù kámíọ̀ jẹ́ ìlọ́po 10. Ìbàjẹ́ tí ó ṣe jẹ́ 10 × 10 × 10 × 10, èyí tí í ṣe 10 000. Ìṣirò yìí lè yí díẹ̀ láti ọ̀nà kan sí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ àti ọ̀dà ibẹ̀ bá ti rí, ṣùgbọ́n kò sí onímọ̀ ọ̀nà tí yóò sọ pé ọkọ̀ kékeré àti kámíọ̀ ń ṣe ohun tí ó jọra. Alùpùpù onízẹmijan kò tilẹ̀ wọ inú ìṣirò náà.

Níbi àpọ̀jù ẹrù ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù. Bí a bá ṣe irin ìdí kan láti gbé tọ́ọ̀nù 10, tí ọlọ́kọ̀ sì di tọ́ọ̀nù 13 lé e, ẹrù orí irin ìdí náà fi ìdá 30 nínú 100 pọ̀ sí i. Ìbàjẹ́ ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 3. Ọlọ́kọ̀ kó èrè lọ ilé, ará ìlú sì ku tí wọn yóò tún ọ̀nà ṣe. Owó-orí kan nìyẹn tí ẹnì kan ń gbà fún ara rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Àwọn ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2005, àwọn orílẹ̀-èdè 8 tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ UEMOA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jẹ́ ara wọn, fọwọ́ sí òfin kan lórí ìwọ̀n ọkọ̀ akẹ́rù. Òfin náà sọ pé kí a máa wọn ọkọ̀, kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀ jù san owó ìtanràn, kí a sì sọ àpọ̀jù náà kalẹ̀. Títẹ̀lé òfin náà falẹ̀ púpọ̀. Oníṣòwò ń bẹ̀rù pé bí òun nìkan bá pa òfin mọ́, àwọn ẹlòmíràn yóò gba oníbàárà òun. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń rù ú lọ.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́ kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún un. Ọ̀nà tí ó ti èbúté Kútọnu lọ sí Nìjẹ́ẹ̀ gba Ìdáàṣà, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pàràkú kọjá kí ó tó dé Malanville. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kámíọ̀ ti ń gbé ìrẹsì, ṣúgà àti síméńtì kọjá níbẹ̀, fún àwọn tí ń gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Láti ọdún 2023 tí wàhálà ti dé bá ààlà Nìjẹ́ẹ̀, wọ́n dín kù. Owó aṣọ́bodè lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹrù ń lọ ni wọ́n ti ń san án. Ẹrù kọjá, ihò sì ṣẹ́kù sí ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́.

Àwọn ibòmíràn ti wá ọ̀nà àbáyọ. Ní Jámánì, láti ọdún 2005, kámíọ̀ ńlá ń san owó lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá rìn lórí ọ̀nà ńlá. Ní New Zealand, wọ́n ń wo jíjìn ìrìn pẹ̀lú ìwọ̀n ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò wọ́n owó, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe àjèjì fún Yorùbá.

Oníbodè tuntun

Ní àwọn ìlú Yorùbá àtijọ́, oníbodè máa ń jókòó sí ẹnu odi ìlú, ó sì máa ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí wọ́n ru ẹrù kọjá. Ẹnubodè Àkàbà Ìdènà ṣì wà ní Kétu títí di òní, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí irú ètò bẹ́ẹ̀. Oníbodè tuntun ni àwọn ibi tí àwọn awakọ̀ ń pè ní pẹ́áàjì. Ọ̀kan wà ní Ẹkpẹ̀, láàrin Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Ọ̀kan wà ní Diho, ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Owó tí ọkọ̀ kékeré ń san níbẹ̀ àti èyí tí kámíọ̀ ń san kò dọ́gba.

Pẹ́áàjì ní àǹfààní kan tí epo kò ní. Ẹni tí ó ra kpayo yóò san án. Kámíọ̀ tí ó ń lọ sí Nìjẹ́ẹ̀ yóò san án. Ṣùgbọ́n ó mú àwọn kan lọ́rùn ju àwọn mìíràn lọ. Olùkọ́ tàbí oníṣòwò tí ń gbé Àjàṣẹ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, ń kọjá ní Ẹkpẹ̀ lójoojúmọ́, ní àlọ àti àbọ̀. Bí kò bá tilẹ̀ ní ọkọ̀, owó náà wà nínú iye tí ó san fún awakọ̀.

Bí a bá fẹ́ gba owó gẹ́gẹ́ bí ìbàjẹ́ ṣe rí ní tòótọ́, kámíọ̀ yóò san ìlọ́po 10 000 ohun tí ọkọ̀ kékeré san. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó dán an wò. Owó iyọ̀ àti owó ìrẹsì yóò gbowó lórí débi pé tálákà tí a fẹ́ gbà sílẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó bọ́gbọ́n mu jù kì í ṣe pé kí a fi kún owó pẹ́áàjì gbogbo ènìyàn. Kí a wọn kámíọ̀ láìṣe ojúsàájú, kí ìtanràn àpọ̀jù ẹrù ju èrè inú rẹ̀ lọ, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ọkọ̀ àti ẹni tí ó ni ẹrù, kì í ṣe awakọ̀ nìkan. Owó tí a kò jẹ́ kí ọ̀nà ná wa jù, owó gidi ni.

Ọ̀nà oko

Pẹ́áàjì kò lè tún ọ̀nà oko ṣe. Ta ni yóò fi pẹ́áàjì sí ojú ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá ń gbà lóòjọ́? Láti ìgbà tí a ti dìbò àkọ́kọ́ fún àwọn kọ́múùnù 77, ní ìparí ọdún 2002 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2003, ọ̀nà abúlé ti di iṣẹ́ kọ́múùnù. Owó tí kọ́múùnù ń rí kò pọ̀: owó àtẹ lọ́jà, owó ilẹ̀ àti ilé, ohun tí ìjọba àpapọ̀ bá fi ránṣẹ́, àti owó ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí òfin gbà wọ́n láàyè láti gbà lórí irè oko àti àwọn nǹkan mìíràn.

Àgbẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ nípa owó lórí irè oko, ó sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó bàjẹ́ ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Kí a sọ pé obìnrin kan ní apẹ̀rẹ̀ tòmátì 10 ní abúlé tí ó jìnnà sí ìlú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọlọ́kọ̀ ń gba 500 fráǹkì lórí apẹ̀rẹ̀ kan. Nígbà tí òjò bá gé ọ̀nà, ẹyọ ọlọ́kọ̀ kan ni yóò gbà láti wá, 1 000 ni yóò sì béèrè. Apẹ̀rẹ̀ 2 yóò ti jẹrà kí wọ́n tó dé ọjà. Bí apẹ̀rẹ̀ kan bá ń lọ ní 5 000 fráǹkì, ó pàdánù 10 000 lórí tòmátì tí ó jẹrà, ó sì fi 5 000 kún owó ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15 000 fráǹkì ní ọjọ́ ọjà kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí ó fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Bí kọ́múùnù bá gba 200 fráǹkì lórí apẹ̀rẹ̀ kan, 2 000 ni ì bá san. Bí ọdún bá burú, tí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ju 3 lọ, 600 ni. Owó-orí ayé Faransé kò mọ ọdún tí ó burú yàtọ̀ sí èyí tí ó dára.

Ó kù kí owó náà di ọ̀nà lóòótọ́. Bí 200 yẹn bá lọ sí ibòmíràn, obìnrin náà yóò san 2 000, yóò sì tún pàdánù 15 000.

Yíya owó náà wà. Báńkì Ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, BOAD, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, tí ó sì wà ní Lomé, ń yá àwọn ìjọba lówó láti la ọ̀nà. Kò burú kí àwọn ọmọ tí yóò gba ọ̀nà náà ní 20 ọdún sí i dá sí sísan án. Ohun tí kò dára ni kí a máa yá owó láti fi di ihò tí a ì bá ti dí nígbà tí ó ṣì kéré.

Ìpàdé tí ìgbìmọ̀ kọ́múùnù fi ń gba ètò ìṣúná wọlé ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú, ẹnikẹ́ni lè wọlé kí ó jókòó gbọ́. Àwọn ènìyàn kì í sábà lọ. Èdè Faransé ni a fi kọ ìwé ètò ìṣúná, èyí sì ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a ń kọ́ ní kíláàsì Yorùbá. Ẹni tí ó bá lè ka 2 000 àti 15 000 lè béèrè pé kí a fi ìlà ìtọ́jú ọ̀nà han òun, kí a fi iye tí a kọ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá han òun, àti iye tí a ná.